Iṣẹ́ Tí Mo Yàn Láàyò: Bí A Ṣe Ń Rò Ó àti Bí A Ṣe Ń Kọ Ọ́

Orí ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í sú àwọn olùdánwò. Nígbà mìíràn wọn a ní, 'Iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe láyé mi.' Nígbà mìíràn wọn a yí i sí, 'Iṣẹ́ tí mo yàn láàyò àti ìdí tí mo fi yàn án.' Mo ti rí i rí tí ó wọ aṣọ lẹ́tà: 'Kọ lẹ́tà sí bàbá rẹ tí ó wà ní ìdálẹ̀, kí o sì ṣàlàyé fún un ìdí tí iṣẹ́ tí ó fẹ́ kí o ṣe kò fi wù ọ́.' Bí ó ti wù kí wọ́n dì í, ohun kan náà ni ó wà nínú ẹrù náà: kí ni ìwọ ọmọ yìí rò pé o wá ṣe láyé, ọ̀nà wo ni o sì fi mọ̀?

Ìbéèrè ńlá ni. Àgbàlagbà tí ó ti fẹ̀yìn tì gan-an lè jókòó lé e lórí di alẹ́ kí ó má rí ìdáhùn sọ. Ṣùgbọ́n òun ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń sáré mú nínú ìwé ìbéèrè, nítorí wọ́n rò pé òun ni ó rọrùn jù.

Bí mo bá kó ogójì ìwé jọ láti máàkì, mo ti mọ ohun tí n óò bá pàdé. Nǹkan bí ọgbọ̀n nínú wọn ni yóò di dókítà. Márùn-ún yóò di lọ́yà, mẹ́ta yóò wa ọkọ̀ òfúrufú, ọ̀kan yóò di gómìnà. Ẹyọ kan tí ó kù ni yóò kọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀, òun ni n óò sì kà sí etí gbogbo kíláàsì. Kì í ṣe pé iṣẹ́ dókítà kò dára. Ohun tí ń bí mi nínú ni pé ọmọ tí kò wọ ọsibítù rí àyàfi ní ọjọ́ tí wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ ibà ni ó ń kọ̀wé pé láti inú oyún ni iṣẹ́ ìṣègùn ti ń wu òun. Bi í pé kí ni dókítà ń ṣe láti àárọ̀ di alẹ́, kò mọ̀. Ọkọ̀ dókítà ni ó mọ̀.

Àwọn mìíràn a tún máa kọ ewì Olóògbé J. F. Ọdúnjọ lórí iṣẹ́, èyí tí ó wà nínú Aláwìíyé, láti fi kún ojú ìwé. Ewì náà dára, kò sì sí ọmọ Yorùbá tí ó yẹ kí ó dé girama láìmọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n olùdánwò náà ti mọ̀ ọ́n sórí láti kékeré. Kò sí máàkì fún ẹni tí ó bá jí ẹrù olówó tí ó sì gbé e wá tà fún un.

Ẹlòmíràn tí kò ní ohun tí yóò sọ yóò sá sábẹ́ àyànmọ́. Yóò ní, 'Àkúnlẹ̀yàn ni àdáyébá; ohun tí orí mi bá yàn ni n óò ṣe,' yóò sì fi àmì ìdánudúró pátápátá parí rẹ̀ bí ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn. Àwọn baba wa tí ó ni òwe náà kò lò ó báyìí. Bí wọ́n bá bímọ, ní ọjọ́ kẹta ni wọ́n ń lọ bá babaláwo láti gbọ́ ẹsẹ̀ńtáyé rẹ̀, èyíinì ni irú ẹsẹ̀ tí ó gbé wá sáyé. Wọ́n gbà pé ọmọ ti yan nǹkan kí ó tó dé, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pẹ̀lú pé a ní láti wádìí ohun náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọmọ yóò máa tẹ̀lé bàbá lọ sí oko tàbí sí ilé arọ́, tí wọn yóò sì máa ṣọ́ ọ. Èyí tí kò bá lè jókòó jẹ́ẹ́ nídìí ẹwìrì, wọ́n lè mú un lọ sọ́dọ̀ ọdẹ. Wọn kò fi àyànmọ́ ṣe ibùsùn.

Ní ìhà ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, a ní àpẹẹrẹ kan tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀. Ní Mẹ̀kọ, ìlú tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Ìmẹ̀kọ, agbẹ́gilére kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Duga. Igi gẹ̀lẹ̀dé wà lára ohun tí ó ń gbẹ́. Ní nǹkan bí 1950, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, William Bascom, jókòó tì í ní Mẹ̀kọ, ó ń wo bí ó ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ náà jáde nínú ìwé kan ní 1973. Ẹni tí kò bá mọ gẹ̀lẹ̀dé yóò rò pé kí ni ti agbẹ́gilére kan ní ẹ̀bá bodè. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń jó mọ̀ ọ́n, àwọn ìyá tí a ń tìtorí wọn jó mọ̀ ọ́n, nítorí pé gẹ̀lẹ̀dé kò lè jáde láìsí igi tí yóò gbé karí. Ní 2001 ni UNESCO kéde gẹ̀lẹ̀dé gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú. Ní 2008 wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àkójọ wọn ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò. Ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ohun tí àwọn tí ń jó ti mọ̀ tipẹ́ ni.

Mo mẹ́nu ba Duga nítorí ohun kan tí n kì í rí nínú ìwé àwọn dókítà mi. Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ kan jẹ́ tirẹ̀, kí ó wò ó bóyá ó lè dárúkọ àwọn tí yóò wá a kiri ní ọjọ́ tí kò bá yọjú sí ìdí iṣẹ́ náà. Bí o bá lè dárúkọ wọn nínú àròkọ rẹ, o ti ní kókó ọ̀rọ̀ kan tí ó dúró ṣinṣin.

Àwọn olùkọ́ ti ń wá ọ̀nà tipẹ́ láti ran ọmọ lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1959, àwọn Sístà Ìjọ Àgùdà tí ń darí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin St. Theresa ní Òkè Àdó, Ìbàdàn, rí i pé àwọn ọmọbìnrin 60 tí ó fẹ́ jáde kò mọ ibi tí wọn yóò dorí kọ. Wọ́n pe nǹkan bí 20 ènìyàn tí ń ṣe oríṣìíríṣìí iṣẹ́ wá láti bá wọn sọ̀rọ̀. Nínú àwọn 60 náà, 54 ni ó rí iṣẹ́ wọ̀. Láti ibẹ̀ ni a ti máa ń ka ìbẹ̀rẹ̀ ètò ìtọ́sọ́nà iṣẹ́ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Nàìjíríà. Wo bí ó ti rọrùn tó! Wọ́n kàn jẹ́ kí ọmọ rí ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ náà lójú kojú ni.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ti ọ̀dọ̀ wa dé. Ní 1963 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá Comprehensive High School sílẹ̀ ní Ayétòrò, pẹ̀lú owó ìrànlọ́wọ́ láti Amẹ́ríkà àti àwọn olùkọ́ láti Yunifásítì Harvard. (Àwọn ìwé àtijọ́ ń kọ orúkọ ìlú náà ní Aiyetoro. Nínú ìdánwò, àkọtọ́ tí a fọwọ́ sí ní 1974 ni kí o lò: Ayétòrò.) Ṣáájú ìgbà náà, ìwé ni girama ń kọ́ ọmọ, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ igi tàbí irin, ibòmíràn ni wọ́n ń ní kí ó gbà, bí ẹni pé ó ṣẹ̀. Ní Ayétòrò, wọ́n ní kí gbogbo rẹ̀ wà lábẹ́ òrùlé kan. Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì wà níbẹ̀, oko wà níbẹ̀, iṣẹ́ igi àti irin, ìtẹ̀wé àti ìṣirò owó, ìtọ́jú ilé, kí ọmọ lè fi ọwọ́ kan púpọ̀ nínú wọn kí ó tó mọ èyí tí yóò dì mú. Ó wà lára àwọn ibi àkọ́kọ́ tí a ti kọ́ ẹ̀kọ́ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá, èyí tí a mọ̀ sí Social Studies, ní orílẹ̀-èdè yìí. Mo fẹ́ràn èrò tí ó wà lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ náà ju ohun tí a rí ṣe pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́yìn náà lọ. Nígbà tí ètò 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982, wọ́n fẹ́ kí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ dé ibi gbogbo. Ẹ̀rọ dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní ibi púpọ̀ kò sí iná, kò sí olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n lò. Inú páálí ni wọ́n ti dípẹtà. Ní 2011 ìjọba tún kó iṣẹ́ ọwọ́ 34 wọ inú ètò ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì. Mélòó ni o rí tí wọ́n fi irin iṣẹ́ kọ́ nínú wọn, tí kì í ṣe ṣọ́ọ̀kì àti pátákó?

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kan tí a kò lè yẹ̀ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Yewa, àwa tí a ń jẹ́ Ẹ̀gbádò títí di 1995. Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fohùn ṣọ̀kan lé lórí ní 1889 gba àárín àwọn ìbátan kọjá. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ kan ti wà ní ọ̀dọ̀ wa tí kò sí nínú ètò ẹ̀kọ́ kankan: fàyàwọ́. Orúkọ náà ti sọ bí wọ́n ti ń ṣe é, àyà ni a fi ń wọ́. Mo ti kọ́ ọmọ tí orí rẹ̀ pé, tí ó ń gba ipò kìíní, tí ó kúrò ní kíláàsì kẹrin nítorí pé òru mẹ́ta lórí ọ̀kadà ju owó oṣù olùkọ́ rẹ̀ lọ. Kí ni n óò wí fún un? N kì í ṣépè fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ebi kì í ṣe àbùkù. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni ìtàn bodè náà. Ní 1984 wọ́n tì í, ó di 1986 kí wọ́n tó ṣí i. Ní oṣù kẹjọ 2019 wọ́n tún tì í. Wọ́n kéde ṣíṣí rẹ̀ ní oṣù kejìlá 2020, ṣùgbọ́n ó di oṣù kẹrin 2022 kí ti Ìdí-Ìrókò tó wà lára àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, ààrẹ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán; owó epo fò sókè ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, èrè tí ó wà nínú gbígbé e kọjá sì joro. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ kankan ju ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín iye owó níhìn-ín àti iye owó lọ́hùn-ún, ènìyàn kan ní Àbújá lè gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín òwúrọ̀ sí ọ̀sán.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí mọ ohun tí mo wá ṣe láyé láti kékeré. Báǹkì ni ó wù mí, nítorí táì àti ẹ̀rọ amúlétutù. Bàbá mi fi mí sí ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni nítorí pé owó rẹ̀ kò pọ̀ tó ti ibòmíràn. Ní 1988 wọ́n gbé mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí, níbi tí ilẹ̀ dúdú ibẹ̀ ti ń di ẹrẹ̀ tí ń gbé bàtà mì ní àsìkò òjò, tí ọkọ̀ kì í sì í lè wọlé. Owó oṣù kì í dé lásìkò. Ní ọdún kejì, mo ti kọ lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ mi, mo ti fi sínú àpò ìwé, mo ti lẹ̀ ẹ́ pa.

Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni àgbẹ̀ kan tí kò mọ̀wé wá kí mi pẹ̀lú adìẹ kan. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà lára àwọn tí mo ń kọ́ ní Yorùbá. Wọ́n gbé ìwé àdéhùn ilẹ̀ wá fún bàbá náà pé kí ó tẹ ìka sí i. Ọmọ náà gbà á, ó kà á ketekete. Ilẹ̀ tí wọ́n fi ẹnu sọ pé àwọn fẹ́ yá fún ọdún márùn-ún, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn rà á pátápátá. Bàbá náà kò tẹ ìka. Adìẹ náà kò tóbi. Mo gbà á, mo sì ya lẹ́tà mi ní alẹ́ ọjọ́ náà. N kò ní purọ́ fún ọ pé láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ olùkọ́ ti di oyin. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo tún fi gbé ṣọ́ọ̀kì, mo sì kùn nínú púpọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n n kò tún kọ lẹ́tà mìíràn.

Nítorí náà, bí iṣẹ́ tí o fẹ́ kò bá tíì yé ọ, kò burú. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Sọ ohun tí o ti rí, sọ ẹni tí o ti wò nídìí iṣẹ́, sọ ohun tí iṣẹ́ náà yóò gbà lọ́wọ́ rẹ pẹ̀lú ohun tí yóò fún ọ. Àròkọ tí ó bá sọ ti èrè nìkan dà bí ọjà tí ẹni tí ń tà á nìkan ń yìn. Ka àpẹẹrẹ tí ó wà nísàlẹ̀ yìí. Mo kọ ọ́ bí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún láti ẹ̀bá Ọ̀jà Ọ̀dàn yóò ti kọ ọ́.

ÀPẸẸRẸ ÀRÒKỌ

Iṣẹ́ Tí Mo Fẹ́ Ṣe Láyé Mi

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe, ohun tí mo máa ń wí ni pé mo fẹ́ ṣe bíi ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀kadà. Ó ń fi í gbé kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù gba ọ̀nà inú igbó kọjá sí òdìkejì bodè. Òru ni ó ń lọ, ìdájí ni ó ń dé. Òun ni ó ra fóònù fún ìyá wa, òun ni ó sì ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ mi.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní àsìkò ọyẹ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹní gbé e wá sí iwájú ilé wa. Kẹ́ẹ̀gì kan ti jò sórí sàláńsà ọ̀kadà rẹ̀, ó sì gbiná. Kò kú, ṣùgbọ́n iná jó ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ ọrùn rẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni ó fi wà ní ọsibítù, gbogbo ohun tí ó ti kó jọ sì tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀. Nígbà tí ó padà wálé, kò bá mi sọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, èmi náà kò sì mọ ohun tí n óò máa wí bí àwọn ènìyàn bá bi mí.

Gààrí ni ìyá mi ń ṣe. Ní ìsinmi ọdún tí mo wà ní kíláàsì kẹta, ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́ ní abúlé wa bàjẹ́. Obìnrin mẹ́sàn-án ni ó jókòó ti òkìtì ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti bó. Ẹ̀gẹ́ kì í dúró de ènìyàn. Bí a bá ti hú u, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta inú rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Wọ́n ránṣẹ́ sí ọ̀gá tí ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Ọ̀jà Ọ̀dàn. Ó ní ó di ọ̀túnla kí òun tó lè wá. Ìyá mi lọ gbé páànù tí a fi ìṣó lu ihò sí lára jáde láti ẹ̀yìn ààrò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ rin tirẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde ní ìka rẹ̀. Àwọn mìíràn da tiwọn sílẹ̀ fún ewúrẹ́.

Nígbà tí ọ̀gá náà dé, mo dúró tì í. Ó tú ẹ̀rọ náà, ó yọ igi roboto tí ó wà nínú rẹ̀, ó fi hàn wá pé eyín páànù tí a yí mọ́ ọn ti kú. Ó mú páànù tuntun, ó fi ìṣó àti òòlù lu ú ní ìlà ní ìlà, ó yí i mọ́ igi náà, ó sì pààrọ̀ bẹ́líìtì. Kò tó wákàtí méjì tí ẹ̀rọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àwọn obìnrin náà kígbe bí ẹni pé wọ́n gbọ́ igbe ọmọ tuntun. Mo wo ojú ọ̀gá náà. Kò rẹ́rìn-ín, ó ń fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀. Ó wù mí kí n jẹ́ ẹni tí ń fi àkísà nu ọwọ́ náà.

Láti ìgbà náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti ń lo ìsinmi mi. Ní ìsinmi kìíní, sípánà ni mo ń fọ̀. Ní ìkejì, mo gé bẹ́líìtì kan kúrú, ọ̀gá mi sì ní kí n fi ẹsẹ̀ rìn lọ ra òmíràn kí n lè mọ bí gígùn rẹ̀ ti tó. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ìdí tí olùkọ́ ìṣirò wa fi ń dààmú wa lórí àyíká òbìrí, nítorí pé bí púlì tí a fi sí ẹ̀rọ bá tóbi ju bí ó ti yẹ lọ, kò ní yára tó, ẹ̀gẹ́ yóò sì jáde ní kúlúkúlú.

Bàbá mi kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó bi mí bóyá nítorí àtilọ fi gírísì kun ara ni òun ṣe rán mi ní ilé-ẹ̀kọ́. N kò dá a lóhùn, nítorí pé bàbá mi ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá yege, mo fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Federal Polytechnic tí ó wà ní Ìlaròó láti 1979, kí n lè ṣe ẹ̀rọ kékeré tí obìnrin mẹ́ta lè dá owó jọ rà, kí wọ́n má baà máa dúró de ẹyọ kan ní gbogbo abúlé.

Mo mọ̀ pé owó rẹ̀ kò ní pọ̀ bíi ti ẹ̀gbọ́n mi ní ìgbà tí nǹkan ń lọ fún un. Ohun tí òun ń rí ní òru kan, ọ̀gá mi kì í rí i ní ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ti rò ó, mo sì ṣì fẹ́ iṣẹ́ náà.

Ẹ̀gbọ́n mi ni ó ń bá wa ṣọ́ ẹ̀rọ abúlé wa báyìí. Ọwọ́ òsì ni ó fi ń fa okùn rẹ̀. Bí ó bá ku kí a da epo sí i, èmi ni ó máa ń pè, òun a sì kọjú sí ọ̀nà títí n óò fi dé ọmọrí rẹ̀.

ÀKÍYÈSÍ

Ka àròkọ náà lẹ́ẹ̀kejì kí o tó ka èyí. Ìwọ yóò rí i pé kò sí òwe kan ṣoṣo nínú rẹ̀. N kò sọ pé òwe kò dára. Bí ó bá bọ́ sójú ẹsẹ̀ rẹ̀, ó lè gba máàkì fún ọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá ní ìka ìyá rẹ̀ tí ń ṣẹ̀jẹ̀ láti fi han olùdánwò, kí ni ó ń fi òwe mẹ́rin ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀?

Kò sọ nígbà kankan pé òun fẹ́ sin orílẹ̀-èdè òun. Obìnrin mẹ́sàn-án ni ó sọ, a sì gbà á gbọ́. Ó jẹ́wọ́ owó tí òun kò ní rí, ó jẹ́wọ́ bẹ́líìtì tí òun gé kúrú. Àwọn ohun bẹ́ẹ̀ ni olùdánwò fi ń mọ̀ pé ẹni tí ń kọ̀wé ti dé ibi tí ó ń sọ. Wo àwọn ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà pẹ̀lú: sàláńsà, sípánà, púlì, bẹ́líìtì. Bí àwọn oníṣẹ́ ti ń pè é ni kí o pè é. Má jókòó máa hun orúkọ gígùn tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí fún irin tí ó ti ní orúkọ ní ilé mẹkáníìkì.

Bí mo bá ń máàkì rẹ̀, n óò yọ díẹ̀ lára máàkì ìpínrọ̀ tí ó sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀. Ó sáré níbẹ̀. Àríyànjiyàn bàbá àti ọmọ lórí iṣẹ́ tó ìpínrọ̀ méjì, ó sì yẹ kí a gbọ́ ohùn bàbá náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí pé ó lè jẹ́ pé ìbẹ̀rù ni ó wà nídìí ìbínú rẹ̀. Ọmọ kan ti jóná lójú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìwọ ni, báwo ni ìwọ ìbá ti kọ ibẹ̀?

IṢẸ́ ṢÍṢE

Tún ìpínrọ̀ bàbá náà kọ, kí ó tó ojú ìwé kan. Lẹ́yìn náà, wá ẹnìkan tí ń ṣiṣẹ́ ní àdúgbò rẹ, ìbáà ṣe télọ̀, agbẹ̀bí, wẹ́dà tàbí ẹni tí ń yan gààrí. Kí i dáadáa, tọrọ ààyè, jókòó tì í fún wákàtí kan láìmú ìwé dání. Má bi í ní iye tí ó ń rí. Wo ọwọ́ rẹ̀, wo àwọn tí ń wá a wá, gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nígbà tí wọ́n bá ń lọ. Nígbà tí o bá délé ni kí o tó kọ àròkọ rẹ lórí 'Iṣẹ́ kan tí mo wò.'